Ọ̀gá Mi Oníkẹ̀kẹ́

Aṣọ ìnujú funfun ni ọ̀gá mi ní Àpápá fi máa ń nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dáhùn ìkíni tálákà. Nígbà ọ̀wọ́n gógó SAP, ní gbogbo Sátidé, àwa méjèèjì a máa gbé kẹ̀kẹ́ wa wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Marine Beach, a ó sọdá sí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan tí mọ́tò kì í dé, láàárín àbàtà àti oko ẹ̀gẹ́. Bí àwọn àgbẹ̀ bá kí wa, yóò yínmú: “Ará oko! Kí ni wọ́n mọ̀?”

Lọ́jọ́ kan, ó yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tó ń hú ẹ̀gẹ́ pariwo: “Ọmọ mi, má gba ibẹ̀ o!” Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí ẹrọ̀fọ̀ fi mù ún dé àyà, ó ń ké bí ewúrẹ́. Ìyá náà na ọparun sí i, a jọ fà á yọ. Kò dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Amúkòkò pé áńgẹ́lì ló yọ òun. Ìjọ hó yèè.

Níta, mo ní, “Ọ̀gá, ìyá tó fà yín yọ ńkọ́?”

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

“Ìyá wo?”