Àwọn Tó Gbọ́ Mi Lórí Ọ̀sà

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mi ò ní sọ ojúlé tí wọ́n ń gbé ní Yaba, mi ò sì ní sọ ìjọ tí wọ́n ń lọ. Wọ́n lẹ́nu láwùjọ jù mí lọ, èmi náà sì jẹ́ ẹni tó máa ń ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi kí n máa gbọ́ "Ṣebí o ò kú?" Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ni ẹnì kan máa ń fi ìyẹn pa mí lẹ́nu mọ́, bí ẹni pé àìkú mi ni owó ìtanràn tí wọ́n san fún mi.

Télọ̀ ni mí. Bí Kérésì bá ti ń bọ̀, a kì í sùn, nítorí gbogbo ayé ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun. Bí ọdún bá ti kọjá tán, ẹ̀rọ á dákẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ọyẹ́ máa ń mú, tí ètè á là, tí omi ọ̀sà á tutù bí omi àmù. Ìgbà yẹn ni èmi máa ń lọ dẹ ìwọ̀. N kì í ṣe apẹja, n kì í sì í ta ẹja. Mo kàn fẹ́ràn kí n jókòó sínú ọkọ̀, kí okùn ìwọ̀ wà níka mi, kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí ìgbà tí ṣòkòtò òun máa jáde.

Ọkọ̀ tí mo ń lò jẹ́ ti bàbá Ègùn kan ní Makoko. Bí ìgbòkun rẹ̀ bá ya, èmi ni mo máa ń bá a rán an, òun náà á sì yá mi ní ọkọ̀ kékeré lọ́jọ́ Sátidé. Kó tó jẹ́ kí n dá lọ rárá, ó kọ́ mi ní òfin kan. Bí kùrukùru bá bo ọ̀sà, tí o kò rí orí ọkọ̀ rẹ mọ́, fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o dákẹ́, kí o tẹ́tí. Ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ kan tirẹ̀ padà, kí o lè mọ ibi tí èèyàn wà. Kò jọ ti àwọn tó ń lé ẹja sínú àwọ̀n. Àwọn yẹn máa ń lu ọkọ̀ láìdákẹ́, bí òjò lórí páànù. Ẹni tó ń kàn tó sì ń dákẹ́, èèyàn ló ń wá.

"Kódà bó jẹ́ ọ̀tá rẹ," bàbá náà wí, "dá a lóhùn ná. Ẹ lè jà tí ẹ bá dé èbúté."

Gbogbo àwa tí a ń ti Yaba àti Ìpọ̀nrí wá dẹ ìwọ̀ fún ìgbádùn la mọ òfin yìí. Akọ̀wé àgbà kan wà láàárín wa, oníbàárà mi, tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń lọ. Èmi fúnra mi ni mo sọ òfin náà fún wọn lọ́jọ́ tí mo ń wọn ẹ̀wù fún àbúrò yìí. Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín.

"Télọ̀, ìwọ lo máa sọnù, kì í ṣe àwa. Ihò abẹ́rẹ́ ti gba ojú lọ́wọ́ ẹ."

A jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, mo ti wà láàárín ọ̀sà, mo ti pa epìyà díẹ̀, kí n tó gbójú sókè, kùrukùru funfun ti yí mi ká. Mo ká okùn mi, mo kọrí sí ibi tí mo rò pé Makoko wà. Igi gẹdú kan tó já kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fi omi wọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó ló pàdé mi. Mi ò rí i. Mo kàn gbọ́ gbì! Ọkọ̀ dojú dé, omi tútù sì gbá mi láyà.

N kò mọ̀wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àjẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe dì í mú. Mo fi kan ìdí ọkọ̀: kó, kó, kó. Mo dákẹ́. Mo tún kàn án.

Ẹnì kan wúkọ́ nítòsí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ń kàn."

"Mo gbọ́. Dákẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn."

"Orí ẹ dà rú ni? Ṣé o ò rí i pé ẹja ti gbé ìwọ̀ mì? Bó o bá kan ọkọ̀ báyìí, ó lọ nìyẹn. Ẹni yòówù kó jẹ́, á rí ọ̀nà ẹ̀."

Mo mọ ohùn méjèèjì. Mo lanu láti pè wọ́n, èémí lásán ló jáde, eyín mi ń lu ara wọn. Mo tún kàn án. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà omi ta, nǹkan wúwo kan já sínú ọkọ̀ wọn, ó ń jà pátipàti. Wọ́n yọ̀. Mo wá gbọ́ àjẹ̀ wọn nínú omi, ó ń lọ, ó ń jìnnà. Ìró yẹn ló ṣì máa ń jí mi lójú oorun títí dòní.

Oòrùn ti ń gbìyànjú láti yọ kí n tó gbọ́ èsì. Kó, kó, kó, láti inú funfun. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo kàn, ó kàn, títí orí ọkọ̀ rẹ̀ fi yọ sí mi. Obìnrin Makoko kan ni, tó lọ ra igi tó fi ń yan ẹja. Ó fà mí sórí igi náà, ó fi ìborùn rẹ̀ bò mí, ó sì ń bú mi títí a fi dé èbúté.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo wà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì nínú ilé mi, akọ̀wé àti àbúrò rẹ̀ wọlé.

"Télọ̀, o kú ewu o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Mo mú nǹkan ọbẹ̀ wá fún ẹ."

Ọ̀bọ̀kún ni, ó gùn tó apá mi. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ gbà á, ó ń dúpẹ́, nítorí n kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Akọ̀wé jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí ẹja náà ṣe bá a wọ̀jà.

"Díẹ̀ báyìí ló kù kó já mọ́ wa lọ́wọ́! Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò pariwo."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ kí ẹnì kan máa kan ọkọ̀?" ni mo bi í.

"Kíkàn?" Kò wo ojú mi. "Àwọn Ègùn tó ń lé ẹja ni. Ta ló lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nínú irú kùrukùru yẹn?"

Ọ̀pá tí mo fi ń wọn aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo mú un, mo kan ẹsẹ̀ tábìlì: kó, kó, kó. Mo dákẹ́.

Ọwọ́ àbúrò lọ fúnra rẹ̀. Ó kan apá àga tó jókòó lé: kó, kó, kó. Ìgbà tó mọ ohun tó ṣe, ó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan rẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹja. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Ẹ gbé ẹja yín máa lọ," ni mo wí.

"Torí ẹja lásán, Télọ̀?"

"Torí ẹja lásán náà lẹ ṣe fi mí sílẹ̀ sómi."

Ó dìde, ó sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀rù ti da orí mi rú, kó wá àgbo fún mi. Wọ́n lọ. Wọn ò gbé ẹja.

Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn oníbàárà tó tọ akọ̀wé lẹ́yìn fi gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Àwọn àgbà ìjọ pè mí, wọ́n ní kí n dárí jì í, wọ́n ní ó tiẹ̀ tún mú ẹja wá kí mi. Gbogbo wọn ló bi mí ohun tí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ ń wá lórí ọ̀sà. Kò sí ẹni tó bi òun ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Èmi ni mo ń jẹ́jọ́, bí ẹni pé èmi ni mo rì wọ́n.

Ẹja náà? Ìyàwó mi fi iyọ̀ sí i, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, mo gbé e lọ fún obìnrin tó fà mí yọ. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bi mí ibi tí mo ti rí i. Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹja yìí kọ́ ló gbọ́ tí kò dáhùn," ó wí, ó tò ó sórí iná.

Mo fẹ́ bínú sí i. Ṣùgbọ́n kùrukùru tún ti bo ọ̀sà ní àárọ̀ yẹn, láti ọ̀nà jíjìn ni a sì gbọ́ ọ: kó, kó, kó, dákẹ́. Obìnrin náà kò tilẹ̀ yíjú. Ó fi igi tó fi ń ko iná kan òpó ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún yí ẹja náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.