Pákó Àṣìkẹ́

Kó tó di pé wọ́n ti bodè, Àṣìkẹ́ lè gbé ìkòkò kaná, kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí ìyá rẹ̀ ní òdìkejì odò, kó sì padà dé kí iná tó kú. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló ń lọ. Ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tí ìjọba ti bodè lóṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn ẹ̀ṣọ́ dé abúlé wọn lápá Ìpókíá, wọ́n wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó wà létí omi gòkè, wọ́n sì fi àáké lu ìdí wọn. Ìbítóyè ọkọ Àṣìkẹ́, tó jẹ́ káfíńtà, ló kan mẹ́ta nínú wọn. Ó dúró, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń di igi ìdáná.

Ìyá Àṣìkẹ́ ti wà lórí àìsàn nígbà yẹn. Ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mẹ̀dínátù, àbúrò Àṣìkẹ́, ló ń tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ jẹun àfi tí Àṣìkẹ́ bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba orí ilẹ̀ débẹ̀ á fi ọ̀kadà yí gbogbo igbó po, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé.

Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ò fọwọ́ kàn ni pákó pẹlẹbẹ tí àwọn apẹja máa ń dúró lé lórí láti lọ wo ìgèrè wọn. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀, ohun ìṣeré ni. Ìbítóyè gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó ní kí Àṣìkẹ́ dúró gbagidi, kó na ọwọ́ sókè. Láti ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló fi wọn igi àjẹ̀, torí pé àjẹ̀ ẹni tó ń jókòó wakọ̀ á ba ẹ̀yìn ẹni tó ń wà á lórí ìdúró jẹ́. Ó gé sílípáàsì mẹ́fà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ àárín pákó kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ó gé túùbù táyà ọ̀kadà, ó fi ṣe okùn tí Àṣìkẹ́ ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, pé bó bá ṣubú, kí pákó má baà sá lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣubú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń pọn ike oúnjẹ ìyá rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ìyá Gbọ́lá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀nì gbé yín o.”

“Tó bá gbé mi, ẹ̀yin náà ẹ gbẹ́sẹ̀ lé e.”

Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, Àṣìkẹ́ á kọjá.

Ibi tó yẹ kí Ìbítóyè dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò rí ọkọ̀ kàn mọ́, ọwọ́ sì ń yún un. Rájí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ìrẹsì fàyàwọ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó gbé àjẹ̀ Àṣìkẹ́ wò lókè wò nísàlẹ̀, ó yìn ín títí orí Ìbítóyè fi wú. Ó wá mi orí.

“Bàbá Káfíńtà, ọwọ́ yín yìí kì í ṣe ọwọ́ ohun ìṣeré. Ẹ jẹ́ kó ru ẹrù ká rí i.”

Ilẹ̀ ò tíì ṣú lọ́jọ́ náà tí Ìbítóyè fi so kẹ́ẹ̀gì òróró òfìfo méjì-méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó, tó sì fi ọparun ṣe pẹpẹ ẹrù síwájú rẹ̀. Pákó ìyàwó rẹ̀ ló fi dán an wò, torí pé òun ló dára jù lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìkẹ́ ti oko dé, ó bá a bẹ́ẹ̀.

“Bàbá Gbọ́lá,” ó ní, “ohun tó ń jẹ́ kí n ráàyè kọjá ni pé pákó mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi yọ nǹkan wọ̀nyí.”

Ìbítóyè ní òun á yọ wọ́n lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, Rájí gbé e sómi pẹ̀lú ẹrù, kò tẹ̀, kò mì. Inú Ìbítóyè dùn débi pé kò yọ ohunkóhun. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti ṣe mẹ́fà mìíràn fún àwọn onírẹsì.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé lóṣù Kejìlá. Ọ̀gá wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó fẹsẹ̀ tẹ kẹ́ẹ̀gì kan, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Gbogbo ojú lọ sára Ìbítóyè.

“Láti òní lọ,” ọ̀gá ní, “pákó tó bá lè léfòó, ọkọ̀ ni.”

Wọ́n fi ayùn gé gbogbo rẹ̀, títí kan ti àwọn apẹja tí kò ní nǹkan kan lára. Ti Àṣìkẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Àjẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù, torí pé inú ilé ló wà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, Mẹ̀dínátù pè sórí fóònù láàárọ̀. Màmá ti lọ. Wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti kírun Àílà ọ̀sán tán, wọ́n á sin wọ́n.

Àṣìkẹ́ mú àjẹ̀ rẹ̀, ó lọ sétí odò. Ìbítóyè tẹ̀ lé e. Wọ́n ń rí àwọn èèyàn lókèèrè ní òdìkejì, tí wọ́n ń rìn lọ sí ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ìbítóyè ní òun lè di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀, pé á ti jẹ́ kó tó dìrọ̀lẹ́.

Àṣìkẹ́ ò wo ojú rẹ̀. “Àpò ìrẹsì mélòó ni pákó mi rù?”

Ìbítóyè ní, “Méjì.”

Àṣìkẹ́ mi orí, bí ìgbà tó gbọ́ iye ata lọ́jà. Ó dúró síbẹ̀ títí Àílà fi kọjá.

Nígbà tí wọ́n ṣí bodè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ìbítóyè kan ọkọ̀ tuntun, àwọn èèyàn sì yìn ín. Àṣìkẹ́ ń wọ̀ ọ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ bí gbogbo ayé. Àjẹ̀ rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí ebi bá ń pa Ìbítóyè, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e kúrò kó tó lè wọlé bu oúnjẹ, tó bá sì bu ú tán, á gbé e padà síbi tó wà.