Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Nínú Pósí

Ẹni tó bá fẹ́ tètè là nídìí pósí kíkàn, kó má ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ẹdẹ. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa. Bí ẹnìkan bá kú láàárín wọn láàárọ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n ti sin ín tán. Kí ni wọ́n fẹ́ fi pósí ṣe? Àwa Kìrìsìtẹ́nì ni mo gbójú lé, àwa tí a máa ń dá òkú dúró títí àwọn ọmọ yóò fi kun ilé tán.

Ọ̀gá mi, ará Àwo, ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹni tó máa lo ọjà wa kì í ráhùn," ni wọ́n wí. "Àwọn ẹbí rẹ̀ ni kí o ṣọ́ra fún." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo ti rí ọmọ tí kò ra búrẹ́dì fún ìyá rẹ̀ rí, tó wá ń bá mi jà pé wúrà tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ pósí kò dán tó. Ó ní màmá òun fẹ́ràn ohun tó dáa. Ó mà ṣe o! Ìgbà tí màmá wà láyé ńkọ́?

Ẹni tí mi ò lè gbàgbé nínú wọn ni ìyá àgbàlagbà kan láti Àlàjùẹ. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló kú. Wọn ò béèrè wúrà, wọn ò béèrè dígí.

"Káfíńtà, má kan ìdérí yẹn ní ìṣó. Bá mi fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí i láti inú, kó lè ṣí i."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. "Ìyá, Ọlọ́run tó máa jí òkú, ṣé pákó lásán ló máa dí I lọ́wọ́?"

"Kò lè dí I lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré lọmọ mi ò ti fẹ́ kí wọ́n ti òun mọ́lé. Bó bá jí, tó fọwọ́ kan nǹkan yẹn, á mọ̀ pé ìyá òun ń retí òun."

Mo fi sí i. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ di àwàdà ní ìpàdé àwa káfíńtà. Mo máa ń dijú, kí n máa táràrà bí òkú tó ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́ẹ̀rùn èṣí, ìyàwó mi, Ìyá Fọlá, kú.

Ilé kún fún "ẹ kú ará-fẹ́ra-kù." Díákónì ìjọ wa jókòó ti abọ́ ìrẹsì, wọ́n ní kí n má sunkún, pé Ìyá Fọlá ti wà níbi tó dáa ju ibí lọ. Wọ́n tún bu ẹran sí i. Wọn ò jọ ẹni tó ń kánjú àtidé ibi tó dáa náà. Inú bí mi gan-an. Gbogbo ìwàásù àjíǹde tí wọ́n ti ṣe létí pósí tí mo kàn, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kankan kì í jáde. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá mi ò tiẹ̀ gbà á gbọ́ rí.

Láàárín àwa oníṣẹ́ igi, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í kan pósí òkú tirẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń bá a kàn án. Lásísì, ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ló ní òun máa ṣe é. Mùsùlùmí ni, kọ́bọ́ọ̀dù ló ń kàn, kò kan pósí rí láyé ẹ̀. Nígbà tó pè mí wá wò ó, ó ku díẹ̀ kí n béèrè ibi tí a máa kó abọ́ sí.

Ó na ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kan sí mi. "Bàbá Fọlá, níbo ni kí n fi eléyìí sí?"

"Inú," ni ẹnu mi sọ.

"Inú kẹ̀? Ta ló máa ṣí i?"

Mo fẹ́ ṣe àwàdà mi, ẹkún ló jáde. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Lásísì ò ní kí n má sunkún. Ó fi ọwọ́ náà sí inú, ó sì fi epo sí i kó má baà le jù fún ìyàwó mi.

"Ó yẹ ká dán an wò," ni mo wí.

"Èmi kọ́ o! Àwa kì í wọ pósí."

Èmi ni mo wọlé. Ó dé e. Òkùnkùn ṣú bò mí, mo ń táràrà lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà tí ọwọ́ mi ba irin tútù náà, mo yí i, ìdérí ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Mo dìde jókòó.

Díákónì wa ló dúró síbẹ̀. Wọ́n wá wo pósí.

"Yéè! Jésù o!" Wọ́n ti dé títì kí bàtà wọn kan tó bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ nìyẹn?" ni Lásísì béèrè.

Ẹ̀rín pa mí, àkọ́kọ́ látìgbà tí Ìyá Fọlá ti kú. Nígbà tó rọlẹ̀, mo ṣì jókòó sínú pósí, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú, àdúrà sì jáde lẹ́nu mi.

"Ìyá Fọlá, mo ń retí ẹ."