Koríko Ọba Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Gbẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ń gba abẹ́ tábìlì kọjá láìforí gbá a, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ekpè, létí òkun nítòsí Kútọnu, ni mo ń gbé. Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka èyí, ẹ má rò pé mo ti darúgbó o, mi ò tíì hu ewú kankan. Ṣùgbọ́n ilé yẹn kò sí mọ́, àwọn tó mọ bó ṣe rí kò sì pọ̀. Mi ò kàwé lọ títí, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni màá ṣe kọ ọ́.

Iyanrìn ni gbogbo àgbàlá wa. Ohun tó ń hù níbẹ̀ dáadáa ni àgbọn àti koríko ọba, ewé gígùn tó mú létí bí abẹ yẹn, tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní sitironẹ́ẹ̀lì. Ìyá àgbà gbìn ín yí ọgbà ká. Tí ẹ bá fara kàn án láàárọ̀, òórùn rẹ̀ á bá yín dé ilé ẹ̀kọ́. Òun la ń sè mu pẹ̀lú búrẹ́dì. Èyí tó bá gbẹ, ìyá àgbà á rẹ díẹ̀ sínú òróró àgbọn, ká lè máa fi para torí ẹ̀fọn. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn ilé wa tí kì í rí oorun sùn, ewé gbígbẹ yìí ni ìyá àgbà kì sínú ìrọ̀rí tó rán fún un.

Àmọ́ sísá rẹ̀ ni iṣẹ́. Ìyá àgbà kì í gbé e sí oòrùn rárá, ó ní oòrùn á gbé gbogbo adùn rẹ̀ lọ. Inú yàrá ló ń tẹ́ ẹ sí, lórí ẹní, níbi tí atẹ́gùn òkun ń gbà wọlé, a ó sì máa yí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, á mú ìdí ewé kan, ibi tó nípọn jù, á gbé e sétí, á ṣẹ́ ẹ. Tó bá dún kẹ́, ó gbẹ. Tó bá kàn tẹ̀ láìdún, ó di orí ẹní padà.

Obìnrin aránṣọ kan ń gbé ní ilé kejì, opó ni. Lọ́sàn-án, á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sábẹ́ àgbọn wa.

"Ìyá wa, ẹ bu tíì fún mi o. Ṣúgà mẹ́ta."

"Mẹ́ta? O fẹ́ fi pa eyín tó kù ni?"

"Ẹ máa ṣọ́ eyín tiyín, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi ṣì ń fa ẹran ya."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn títí oòrùn á fi rọ̀.

Ọdún tí àbúrò ìyá mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ ní Godomey ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà ní aṣọ òfì kan tí ìyá tirẹ̀ fọwọ́ hun ní Kétu. Òun ló fẹ́ fún ìyàwó, nínú fálíìsì, pẹ̀lú àpò ewé kéékèèké láàárín ìṣẹ́po rẹ̀. Ó ní, "Kó tó rí aṣọ, kó kọ́kọ́ gbóòórùn ilé wa." Aránṣọ rán àpò méjìlá. Ìyá àgbà wá ní kí n máa yí ewé, nítorí ó ń lọ bá àwọn àna sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọkọ mi, ìwọ ni mo fi ṣọ́ ọ o. Èyí tí kò bá dún, má kì í sínú àpò."

Ní ọjọ́ keje tí ewé ti wà lórí ẹní, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá pè mí pé a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù létí òkun. Mo fọwọ́ kan ewé tó wà lókè, ó gbẹ. Mi ò wo ti ìsàlẹ̀. Mi ò ṣẹ́ ẹyọ kan. Mo ki gbogbo rẹ̀ sínú àpò, mo so wọ́n lẹ́nu, mo tò wọ́n sáàárín aṣọ, mo ti fálíìsì, mo sáré jáde. Nígbà tí ìyá àgbà dé, ó bi mí pé, "Ṣé ó dún?"

Mo ní, "Ó dún, màmá."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣí fálíìsì náà ní Godomey, lójú àwọn obìnrin ilé ọkọ. Òórùn ìdíbàjẹ́ ló jáde. Aṣọ òfì ti bu, ó ní àmì dúdú káàkiri. Ìyàwó yára pa á dé, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

Bí ìyá àgbà ṣe padà dé, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló kọrí sí.

"Aṣọ tí kò gbẹ lo fi rán àpò fún mi."

"Èmi? Mo lọ aṣọ yẹn kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ o, Ìyá wa. Ẹ bi ẹni tó ki ewé sí i."

"Ọmọ mi kò parọ́ fún mi rí."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, bọ́ọ̀lù wà ní abíyá mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò jáde.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kò wá sábẹ́ àgbọn lọ́jọ́ yẹn, kò sì wá mọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kú. Orí lásán ni wọ́n ń mì síra wọn láti ojú ọgbà títí ó fi lọ.

Sẹ̀míjáǹ, ọ̀kadà akérò, ni mò ń gùn báyìí. Lọ́jọ́ kan, mo gbé èrò lọ sí Cadjèhoun ní Kútọnu, mo rí aránṣọ tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mi ò lè dúró. Mo lọ sílé. Mo ní koríko ọba nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì níbi tí mo ń gbé. Mo gé e, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, mo wá gbé e lọ fún un.

"Ta nìyí? Ọkọ Ìyá wa kọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo ki ewé tí kò gbẹ sínú àpò. Mo parọ́."

Ó gba ewé náà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó fa ewé kan yọ, ó gbé ìdí rẹ̀ sétí, ó ṣẹ́ ẹ. Kẹ́.

"Eléyìí gbẹ," ló wí. "Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ohun tó o sọ yìí kò sí mọ́."

Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó gbé omi kaná.

Lóde òní, inú páálí ni tíì ti ń wá, nínú àpò kékeré tó ní okùn lẹ́nu. Ẹ ó sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, ó tán. Kò sí ọmọ tó ń yí ewé lórí ẹní mọ́, nítorí náà kò sí èyí tó máa parọ́ pé ó dún. Bóyá ó sàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò tún rí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sábẹ́ igi aládùúgbò lọ́sàn-án, torí ife tíì kan àti ṣúgà mẹ́ta.