Ewé Orí Bẹ́ẹ̀dì Àṣàkẹ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Theophilus Àkàngbé fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn kí ó tó fẹ̀yìntì sí Sùúrùlérè. Ìfẹ̀yìntì kò bá a lára mu. Oṣù méjì péré ló fi jókòó sí fàráńdà, ló bá dé fìlà, ó gba Ìwáyà lọ, níbi tí obìnrin mẹ́sàn-án ti ń gbin ẹ̀fọ́ lábẹ́ wáyà iná ńlá. Ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, Bàbá Àgíríìkì ni wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀.

Ilẹ̀ wọn ti ṣá. Ọyẹ́ ti dé, omi kànga ń lọ sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi méjìlá sì ni bẹ́ẹ̀dì kan, ebè tí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí, ń mu lójúmọ́. Bàbá ní kí wọ́n fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, kí oòrùn má baà rí omi fà mu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọláníkẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún wọn là á mọ́lẹ̀: "Bàbá, ti Àṣàkẹ́ la máa wò. Bí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, ẹ ò ní rí wa níbi ẹ̀kọ́ yín mọ́ o."

Àṣàkẹ́, opó ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbà. Òun àti Bàbá jọ da ewé sí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kẹta, ewé ti pòórá, ilẹ̀ ti gbẹ táútáú. Wọ́n tún dà á; ó tún pòórá. Bàbá rò pé ewúrẹ́ ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó dé oko kí oòrùn tó yọ. Ta ló bá? Àṣàkẹ́ ni, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá orí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń gbá ojúde ààfin.

"Àṣàkẹ́! Ṣé ìwọ ni ewúrẹ́ náà?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kí ẹni tó ń kọjá láàárọ̀ wá rí pàǹtí lóko mi? Ìyá mi á jí nínú sàárè!"

Bàbá ò bá a jiyàn. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ lé Àṣàkẹ́ lọ́wọ́. Ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ó nàka sí òkìtì ewé tí obìnrin náà gbá jọ sí igun oko. "Ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀."

Àṣàkẹ́ ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó dúdú, ekòló méjì ń lọ́ kiri nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bomi rin ibẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ kejì kan bẹ́ẹ̀dì: eruku.

Àṣàkẹ́ gbọn eruku náà dànù. "Háà. Èmi náà ni mò ń gbá omi mi dànù."

"Ta ló ní kí o pa ìgbálẹ̀ tì?" ni Bàbá wí. "Ojú ọ̀nà àárín bẹ́ẹ̀dì ni kí o máa gbá. Gbá a kó máa dán. Fi orí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún ewé."

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, kẹ́ẹ̀gì méje ti ń tó bẹ́ẹ̀dì náà, tẹ̀tẹ̀ ti ga dé orúnkún. Ọláníkẹ́ wá, ó wo oko yípo, kò rí ẹ̀gàn kan sọ. Ó sún mọ́ Bàbá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ewé yẹn, níbo lẹ ti rí i kó? Ẹ tètè sọ, kí àwọn yòókù tó gbọ́."