Oníbéèrè Tí Kì Í Jẹun Ẹni

"Màmá, bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ lọ́dún yìí, kí lẹ ó jẹ?"

Fáníyì olóògbé ló bi Mujeebat ní ìbéèrè yìí, létí oko rẹ̀ ní Danmagaji, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ó ti mú bírò dání. Mujeebat ò dá ọkọ́ dúró.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ ó jẹ?"

"Owó oṣù mi ni màá fi ra oúnjẹ, mà."

"Bí wọn ò bá san án ńkọ́?"

Fáníyì ṣí ìwé rẹ̀ síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò sí àyè fún ìyẹn níbẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe Mujeebat. "Ẹ̀wà wà láàárín ọkà bàbà mi. Bí oòrùn bá pa ọ̀kan, èkejì á kù. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Iṣẹ́ Fáníyì ni láti wádìí ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe kí ebi má baà pa á bí oko bá kọ̀, kí ìjọba lè mọ irú ìrànwọ́ tó yẹ. Kì í gba ìdáhùn kúkúrú. Láwàl, aládùúgbò Mujeebat, sọ fún un pé Allah ló ń ṣọ́ oko òun. Fáníyì ní, "Yàtọ̀ sí Allah, ta tún ni?" Láwàl fi í sílẹ̀, ó lọ ṣàlùwàlá, ó kírun. Bó ṣe ń sálámà láti parí ìrun, Fáníyì ṣì jókòó tì í. "A dé orí ìbéèrè kẹrìndínlógún."

Kì í jẹun nílé ẹni tó bá ń bi léèrè. Ó ní bí òun bá ti jẹ tùwó, òkèlè ọkà bàbà, nílé èèyàn, ohun tó máa dùn mọ́ òun ni onítọ̀hún á máa sọ. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń bi Mujeebat pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n febi sùn lọ́sẹ̀ yẹn, inú Fáníyì alára kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Kọ ìyẹn náà sílẹ̀," ni Mujeebat wí.

Ó sì kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìbéèrè ìkẹyìn, Mujeebat kọ̀ kò dáhùn. "Èèyàn mẹ́rin ló ti bi mí léèrè ṣáájú rẹ. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, wọ́n lọ. Kò sí èyí tó padà wá sọ ohun tó rí fún mi."

"Mo jẹ yín ní gbèsè èsì, mà. Lọ́jọ́ tí mo bá mú un dé, màá jẹ tùwó yín."

"Èmi náà jẹ ọ́ ní gbèsè tùwó nìyẹn."

Fáníyì kú kí òjò ọdún kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Oko ni ìròyìn náà ti bá Mujeebat. "Wọ́n di márùn-ún," ló wí.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Ọmọ́bísí, ìyàwó olóògbé, wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Muchia níbi tó ń gbé, ìwé àbájáde ìwádìí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ti sàmì sí ojú ewé kan pé ti màmá Danmagaji ni. Ó kà á: àgbẹ̀ òjìlérúgba ni wọ́n bi léèrè, àwọn tó gbin ẹ̀wà sáàárín ọkà bàbà ni ebi kò pa nígbà ọ̀dá, kí ìjọba fún àgbẹ̀ ní irúgbìn méjèèjì, kó má jẹ́ ajílẹ̀ nìkan.

"Ṣebí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́!"

"Ó mọ̀, mà. Ó ní bí ẹnì kan bá sọ ọ́, wọn ò ní gbọ́. Bí òjìlérúgba bá sọ ọ́, bóyá."

Mujeebat rẹ́rìn-ín. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé tùwó jáde, abọ́ kan péré. "Tùwó tí mo jẹ ọkọ rẹ ní gbèsè rèé." Ọmọ́bísí wẹwọ́, ó jẹ ẹ́ lórúkọ ọkọ rẹ̀ títí abọ́ fi mọ́.