Ọ̀nà Ẹ̀yìn Tí Ọkọ Mi Ṣì Ń Gbà

Ọkọ mi fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí o!

Sátidé tó kọjá la san gbèsè tá a jẹ Ìyá Bọ́lá tán, ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu géètì wa ní Festac.

Lónìí, bá a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ọ̀gá yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn tó máa ń gbà sá fún un. Tòun ti kóòtù!

Mo ní, "Dádì Tómi, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, èmi kọ́!"

Ìyá Bọ́lá ti rí wa. "Dádì Tómi, owó mi ti pé o! Ojú yín ló wọ́n. Ẹ wá kí mi jàre!"

Ó lọ kí i. Owó ọwọ́ ló fi ra búrẹ́dì, ló bá ń yan bọ̀.

Ta ni gbèsè ti tán nílé tiẹ̀, àmọ́ tí ẹsẹ̀ ò tíì gbọ́?